Páálí ọkọ mi, àti àwọn tó ní ká sanwó ká dákẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín láti Ìkòròdú. Ó ń gba àwa oníṣẹ́ ọwọ́ nímọ̀ràn pé bí lọ́yà bá kọ̀wé sí wa pé a ń lo iṣẹ́ ọpọlọ oníbàárà òun láìgbàṣẹ, ká má ṣe agídí, ká tètè lọ bá wọn, ká san ohun tí ọwọ́ wa bá ká, ká sì gbàgbé ẹ̀. Ó fi òwe tì í lẹ́yìn: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Òwe náà ò purọ́. Àmọ́ kí èèyàn tó máa bẹ̀rù pé ọ̀rẹ́ á bàjẹ́, ọ̀rẹ́ ti gbọ́dọ̀ wà ńlẹ̀ ná. Ẹni tó kọ̀wé sí èmi ní ọdún 2019, mi ò mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Kò ra páálí lọ́wọ́ mi rí, bẹ́ẹ̀ ni kò tà fún mi rí. Orí ìwé la ti pàdé, kóòtù la ti fojú kan ara wa. Irú ọ̀rẹ́ wo ni mo fẹ́ máa tọ́jú níbẹ̀?

Onítẹ̀wé ni mí ní Ṣómólù. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé bí o bá ju òkúta sókè ní àdúgbò wa, orí mẹ́ṣìn ìtẹ̀wé ló máa balẹ̀ sí. Olóògbé ọkọ mi ló dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ọdún 1991 pẹ̀lú mẹ́ṣìn ìtẹ̀wé Kọ́ọ̀dù kan tó rà ní tòkúnbọ̀. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n ta mẹ́ṣìn, kí n lọ máa ta aṣọ. Mi ò tà á. Kálẹ́ńdà, ìwé ìkésíni, pósítà òkú, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀, àmọ́ ohun tó sanwó iléèwé àwọn ọmọ mi ni páálí: páálí kéèkì, páálí bàtà, àti èyí tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún àlejò gbé lọ sílé láti òde àríyá.

Èyí tí ìjà dá lé lórí, "há-fún-ra-ẹ" là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ahọ́n mẹ́rin. Ẹ tẹ méjì wọlé, ẹ fi ẹ̀kẹta bò wọ́n, ẹ wá ki ẹ̀kẹrin bọ inú ihò tí dáì, abẹ tí a fi ń gé páálí, ti gé sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó dún "kẹ́". Ó parí nìyẹn. Kò lo gọ́ọ̀mù, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran méjì ò sì lè já a nídìí. Lókè, ọwọ́ ìdìmú yọ jáde láti ara ìdérí. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí nítorí pé ojú ewé kan àbọ̀ ni lọ́yà wọn fi ṣàlàyé ohun kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àwòrán, títí tí èmi tí mo ń ṣe é lójoojúmọ́ fi rò pé bàálù ni wọ́n ń sọ.

Ọmọkùnrin kan ló fi ọ̀kadà gbé lẹ́tà náà wá, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Ojú ewé mẹ́rin. Wọ́n ní oníbàárà àwọn ló ni pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ìjọba tó ní ẹnì kan ṣoṣo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe nǹkan, lórí páálí oúnjẹ tó ń há ara rẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì ní ọwọ́ ìdìmú. Kí n jáwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí n kó dáì tí mo fi ń gé e wá, kí n san ₦850,000 láàárín ọjọ́ 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó pàdé ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ojú ń tì mí láti sọ ọ́: mo lọ pa mẹ́ṣìn. Iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lórí ẹ̀, páálí 2,000 fún ìsìnkú kan ní Bàrígà, mo sì pa á bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Mo sọdá sọ́dọ̀ Àlàájì tó ń tẹ̀wé ní òdìkejì wa. Mo na lẹ́tà sí i, kò tiẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bùnmi, ẹ lọ sẹ́tù wọn." Mo ní, "Èló lẹ san?" Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo òrùlé, ó ní òun ò lè sọ. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé bí òun bá sọ iye tí òun san fún ẹnikẹ́ni, ìlọ́po méjì ẹ̀ lòun máa san. Àlàájì tí mo ti mọ̀ láti bí 20 ọdún, tó bá wa gbé pósí ọkọ mi! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Ó tó oṣù mélòó kan kí ọ̀rọ̀ tó jò. Àwa méje ló gba lẹ́tà náà láàárín òpópónà mẹ́ta. Kálukú rò pé òun nìkan ni. Àwọn mẹ́fà ti sanwó, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìdákẹ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, a jókòó ti ara wa lórí bẹ́ǹṣì kan náà, à ń sọ̀rọ̀ owó dísẹ́ẹ̀lì àti pépà tó ń wọ́n sí i, ohun tó ń jẹ wá nínú gan-an, ẹnì kan ò mẹ́nu bà á. Mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n sanwó. Àlàájì jẹ báńkì lówó mẹ́ṣìn nígbà yẹn, iṣẹ́ Ràmàdánì sì wà nílẹ̀. Ta ló máa fìyẹn sílẹ̀ lọ jókòó sí kóòtù?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "sẹ́tù" yìí. Bí àwọn àgbà ìdílé bá pe ọkọ àti ìyàwó jọ, tí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, tí wọ́n bá ẹni tó jẹ̀bi wí, ìparí ìjà nìyẹn. Èyí tí ará Èkó ń pè ní sẹ́tù lónìí, ohun tí dírẹ́bà dáńfó ń sọ sí àgbèrò lọ́wọ́ ní Ojúẹlẹ́gba ni, kí wọ́n má bàa yọ wáípà ẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá dírẹ́bà jẹ gbèsè. Lọ́la wọ́n tún ń bọ̀. Lẹ́tà tó wá bá mi, èwo nínú méjèèjì ni? Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ wádìí nìyẹn, kì í ṣe èló.

Ọmọ ìjọ wa obìnrin kan, lọ́yà tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ló bá mi wò ó. Kò bi mí ní ìbéèrè òfin kankan. Ó ní, "Mọ́mì, ọdún wo lẹ ti ń ṣe páálí yìí?" Mo ní ó ti pẹ́, láti ayé bàbá Bùnmi. Ó ní, "Ṣé ẹ lè fi hàn?" Ẹnu mi wọhò.

Ọkọ mi ní ìwà kan tí mo máa ń torí ẹ̀ bá a jà. Kò sí iṣẹ́ tó tẹ̀ tí kò ní fi ẹyọ kan pamọ́. Á fi báírò kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn, á jù ú sínú káàtọ̀nù. Nígbà tí káàtọ̀nù kún ilẹ̀, mo ní kó kó ìdọ̀tí ẹ̀ kúrò ní pálọ̀ mi, ló bá kó wọn sórí àjà. Mo gun àkàbà lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọmọńlé sá, eruku bò mí, ikán ti jẹ káàtọ̀nù méjì di ìyẹ̀pẹ̀. Inú ìkẹrin ni mo ti rí i: páálí oúnjẹ ìgbéyàwó kan ní Èbúté Mẹ́ta, pẹlẹbẹ, wọn ò tíì ká a. Píǹkì tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ tíì, ikán ti bu igun kan jẹ. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó wà lára ẹ̀, àti ọjọ́ ìgbéyàwó, oṣù keje ọdún 1998. Mo yí i padà. Ìkọ̀wé tí mo mọ̀ dunjú: "400. Bálánsì ₦1,200." Mo ká a níbẹ̀ lórí àkàbà. Ahọ́n kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ìkẹrin wọ ihò ẹ̀. Kẹ́. Lẹ́yìn ọdún 21! Bùnmi ń pè mí láti ìsàlẹ̀ pé ṣé kò sí o, mi ò lè dá a lóhùn.

Nígbà tí lọ́yà mi rí páálí náà, ó rẹ́rìn-ín, ó wá là mí lóye. Òfin pátẹ́ǹtì wa, ti ọdún 1970 ni. Bí èèyàn bá mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Àbújá, tí ìwé pé, tí owó pé, wọ́n á fún un ní pátẹ́ǹtì ọdún 20. Wọn kì í wádìí bóyá ẹlòmíràn ti ń ṣe nǹkan náà tẹ́lẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ewu ẹni tó gbà á ni, ìjọba ò fọwọ́ sọ̀yà pé pátẹ́ǹtì náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀. Èmi ti rò pé òǹtẹ̀ Àbújá, abẹ gé e. Ó ní, "Mọ́mì, bí ìwé ọjọ́ orí tí wọ́n ń búra sí ní kóòtù ni." Ó yé mi wàyí. Gbogbo wa la mọ ẹ̀gbọ́n tó búra pé ọdún 1965 ni wọ́n bí òun, tí àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọmọ ọdún 1963.

Ohun tó ń mú pátẹ́ǹtì dúró ni kí nǹkan náà jẹ́ tuntun, tuntun tí òfin sì ń wí, níbikíbi láyé ni, nígbàkígbà. Bí ẹnì kan bá ti ṣe é rí ní gbangba kí ìwé tó dé Àbújá, kì í ṣe tuntun mọ́. Tiwọn, ọdún 2016 ni wọ́n mú ìwé ẹ̀ lọ sí Àbújá. Ti ọkọ mi, àwọn àlejò ti gbé e délé ní 1998, wọ́n ti jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ nù. Òfin yẹn kan náà tún ní ẹni tó ti ń fi ọkàn mímọ́ ṣe nǹkan kí ẹlòmíràn tó lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe é lọ.

Lọ́yà mi kọ̀wé padà, ó fi àwòrán páálí sí i. Ẹ wo èsì: ₦850,000 já sí ₦150,000. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo! Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ san án. Lọ́yà mi ò tàn mí. Ó ní bí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀, owó tí màá ná á ju ìyẹn lọ. Ká ní owó nìkan ni wọ́n béèrè, ẹ ò ní rí lẹ́tà yìí kà. Àmọ́ ẹsẹ kẹfà wà nínú ìwé àdéhùn wọn. Mi ò gbọdọ̀ sọ iye tí mo san. Mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé páálí 1998 wà. Mo sì gbọ́dọ̀ kó páálí náà lé wọn lọ́wọ́. Páálí ọkọ mi. Èyí tí ikán jẹ kù.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ló sọ fún mi pé kì í ṣe àwa nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣe. Ṣé ẹ rántí BlackBerry? Ìgbà kan wà ní Èkó yìí tí ẹni tí kò bá ní "pin" kò tíì dé ìlú. Iléeṣẹ́ Kánádà ló ṣe é. Ní 2001, iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ NTP pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. NTP ò ṣe fóònù kankan tà, ìwé pátẹ́ǹtì ló kó dání. Ní 2002 wọ́n dá a pé kí àwọn BlackBerry san bíi mílíọ̀nù 23 dọ́là, wọ́n kọ̀, wọ́n ń jà á lọ. Ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ti ń tún àwọn ìwé NTP yẹ̀ wò, ó sì ti ń kọ̀ wọ́n, àmọ́ adájọ́ ò fẹ́ dúró dè é, ẹ̀rù sì ń ba BlackBerry pé wọ́n á ti iṣẹ́ àwọn pa. Ní oṣù kẹta 2006 wọ́n san mílíọ̀nù 612.5 dọ́là. Ọmọ mi ní ìwà òmùgọ̀ ni. Mo ní kó dákẹ́. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ ara ẹ̀ pa mẹ́ṣìn rí kò lè mọ bó ṣe ń rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Newegg, àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Soverain ní pátẹ́ǹtì lórí apẹ̀rẹ̀ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí èèyàn ń kó ohun tó fẹ́ rà sí kó tó sanwó. Amazon san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún wọn ní 2005. Nígbà tó kan Newegg, ó ní òun ò san. Ó kọ́kọ́ fìdí rẹmi ní Texas, wọ́n ní kó san mílíọ̀nù 2.5. Ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kìíní 2013, kóòtù òkè ní ohun tí Soverain ń pè ní tiwọn ò ju ohun tó hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọjà kan tí iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ CompuServe ti ń ná lórí kọ̀ǹpútà ṣáájú wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí àjà CompuServe ni wọ́n lọ tú! Páálí 1998 tiwọn nìyẹn, ó sì ti wà níbẹ̀ nígbà tí Amazon ń ka mílíọ̀nù 40.

Owó tí àwọn tó ṣáájú bá san ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹni tó kàn. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà tèmi náà pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní àdúgbò yín ti gbà pé tiwa ni. Àlàájì ni iléeṣẹ́ ńlá ọ̀hún.

Henry Ford náà jà. Lọ́yà kan tí ń jẹ́ George Selden kọ̀wé béèrè pátẹ́ǹtì lórí mọ́tò ní 1879, ó di 1895 kí wọ́n tó fún un ní pátẹ́ǹtì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò sì gbà láti máa san nǹkan lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ford ní òun ò san. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní 1903, ó fìdí rẹmi ní 1909, ó borí ní 1911. Ó lé ní ọdún méje! Àmọ́ Ford ń ta mọ́tò bí ẹní ń ta ẹ̀pà, owó ìjà wà lápò ẹ̀. Èmi, Kọ́ọ̀dù kan àti dáì mélòó kan.

Wọ́n pè mí lẹ́jọ́ lóòótọ́. Kóòtù àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹ̀, ti Èkó sì wà ní Oyinkan Abayomi Drive ní Ìkòyí. Ẹ bá mi rò ó: kí n jáde ní Ṣómólù ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí n wọ dáńfó gba orí Third Mainland, kí n sọ̀ ní Ọ̀báléńdé, kí n tún wá ọkọ̀ mìíràn, kí n wá jókòó sórí àga onígi láti aago mẹ́jọ. Ọjọ́ kìíní, adájọ́ ò jókòó. Ìkejì, lọ́yà wọn kọ̀wé pé ara òun ò yá. Kòrónà dé, wọ́n ti kóòtù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n fún wa ní ọjọ́ tó jìnnà tó oṣù mẹ́ta. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá lọ, mẹ́ṣìn ń sinmi, nítorí ìgbà kan ṣoṣo tí mo fi ọmọọṣẹ́ tì í, dúdú ló fi tẹ káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n ní kó fi wúrà tẹ̀. Ó dà bíi ti òkú. Mo tún un tẹ̀ lófo, mo sì bẹ ìyá ìyàwó títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Lọ́yà mi fi àwòrán páálí mọ́ ìwé ìbúra mi, ó sì ní kí adájọ́ fagi lé pátẹ́ǹtì náà pátápátá. Òfin fàyè gba ẹnikẹ́ni láti béèrè ìyẹn. Kí ọjọ́ tí mo máa gbé páálí gan-an lọ síwájú kóòtù tó pé, wọ́n kọ̀wé ní 2021 pé àwọn ti jáwọ́ nínú ẹjọ́.

Mo jó wọlé lọ́jọ́ náà. Alẹ́ ni mo tó jókòó ṣírò owó: ₦640,000, láìka àwọn ọjọ́ tí mẹ́ṣìn sùn. Arákùnrin mi ní Ìkòròdú, ẹ ó ní ẹ ṣáà ti wí. Ẹ wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. ₦150,000 kéré sí i gan-an. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n ti jáwọ́, adájọ́ ò dá ohunkóhun. Lọ́yà mi ní a lè máa bá ìbéèrè tiwa lọ títí kóòtù á fi fagi lé pátẹ́ǹtì náà, bí mo bá lówó ẹ̀. Mi ò ní. Ìwé wọn ṣì wà ní Àbújá bó ṣe wà. Bí wọ́n bá gbé e dé Abẹ́òkúta lọ́la, kò sí ìdájọ́ tí onítẹ̀wé ibẹ̀ lè nà sí wọn. Mo jà, èmi nìkan ni mo bọ́.

Ẹ ò wá rí i pé èmi kì í ṣe ọ̀tá ká parí ẹjọ́ níta. Báwo la ṣe máa parí ẹ̀, àti pẹ̀lú ta ni, ni mo ń bá yín fà. Ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ GNOME, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ní 2019, ọdún tí lẹ́tà tèmi dé yẹn náà, iléeṣẹ́ kan tó ń kó pátẹ́ǹtì jọ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ètò tí wọ́n fi ń to fọ́tò. Àwọn kò ṣe é ní jẹ́jẹ́ o. Wọ́n pariwo síta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì dá owó ìjà fún wọn. Ní oṣù karùn-ún 2020, wọ́n parí ẹ̀ níta. Ohun tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni pé ẹni tó pè wọ́n lẹ́jọ́ ò ní fi pátẹ́ǹtì ẹ̀ kankan dààmú àwọn mọ́, kò sì ní dààmú àwọn mìíràn tó ń fi irú ètò ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ síta. Sẹ́tù tó ní láárí nìyẹn.

Ká ní àwa méje jọ lọ ni, ká gbé páálí sórí tábìlì wọn, ká ní iye báyìí la ní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti fi gbogbo Ṣómólù sílẹ̀, bí ẹ ò bá gbà, a ó pàdé ní Ìkòyí. ₦640,000 tí mo ná, ẹ pín in sí méje, kò pé ₦92,000 lórí ẹnì kan. Ó kéré sí ₦150,000. Ó ṣeé ṣe kó kéré sí iye tí Àlàájì san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló dé tó wo òrùlé?

Kí n má sì ṣe bí ẹni pé jàǹdùkú ni gbogbo ẹni tó bá mú ìwé ẹ̀tọ́ dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá mọ ìyà tó wà nídìí àmì ohùn. Ọmọ wa kan, Ade Oyegbola, pẹ̀lú iléeṣẹ́ LANCOR, ṣe kíbọọ̀dù kan tí wọ́n pè ní Konyin, tí èèyàn lè fi tẹ àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ láìwá wọn kiri. Ní 2007 wọ́n pe One Laptop per Child ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún ọmọ iléèwé, lẹ́jọ́ ní Kóòtù Àpapọ̀ Èkó níbí, pé wọ́n wo iṣẹ́ àwọn ṣe tiwọn. Nígbà tí lọ́yà mi sọ ọ́ fún mi, orí mi wú. Ẹni tó jókòó ro nǹkan jinlẹ̀ tí wọ́n wá kó o lọ, mo fẹ́ kó pè wọ́n lẹ́jọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n sanwó fún un. Àmọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìta gbangba ló ń pariwo sí. Kì í kó ẹsẹ kẹfà wá bá opó pé kó gbé páálí ọkọ ẹ̀ fún òun, kó sì pa ẹnu mọ́.

Àlàájì wọlé bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ yá àdá gílótìn tí a fi ń gé pépà. Mi ò tún bi í ní iye tó san, ó ti fọwọ́ sí i. Páálí náà wà lórí tábìlì nínú ọ̀rá. Ó mú un jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò ti ahọ́n kẹrin. Kẹ́. Ó ní àwọn káàtọ̀nù kan wà nílé ìyá òun ní Agége tí òun ò ṣí láti ayé Abacha, òun máa lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Tọkọtaya Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù keje 1998, bí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má mikàn. Mo ti dárí ₦1,200 náà jì yín.

Èmi ni,
Ìyá Bùnmi, onítẹ̀wé,
Ṣómólù, Èkó.